Owó Àtúnṣe Tí A San Ṣáájú: Ọkọ̀ àti Ìlérí Òǹtajà ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ṣé ó yẹ kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ san owó sílẹ̀ lónìí fún àtúnṣe ohun tí kò tíì bàjẹ́? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Winnebago ti ń ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú láti ọdún 1966, ìbéèrè yìí ti di ọ̀rọ̀ òfin. Gàráǹtì tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà fúnni kì í pẹ́ tí ó fi ń parí. Òǹtajà a wá mú ìwé mìíràn jáde, a ní kí oníbàárà san owó lọ́tọ̀ kí ìlérí náà lè gùn sí i. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1975 pààlà sáàárín méjèèjì: gàráǹtì jẹ́ ara ọjà tí a rà, ìwé àfikún sì jẹ́ ọjà ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ẹni tí ó ń ta ìwé náà ń retí pé owó tí yóò gbà yóò ju èyí tí yóò san lọ.

Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ìbéèrè náà kàn jù. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, nígbà tí lọ́rì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà láti Òṣogbo lọ sí ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ rí ọ̀nà kó ẹrù oko lọ sí ọjà. Bọ́lẹ̀kájà ni lọ́rì ìgbà náà. Òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti egungun rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ káfíńtà ilẹ̀ yìí ni ó kan ilé onípákó lé e lórí. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè dúró fún gbogbo ọkọ̀ náà. Bí pákó bá ya, káfíńtà wà nítòsí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́, ẹni tí ó ṣe é wà lẹ́yìn òkun.

Ìwé tí ìjọba fi dandan mú àwọn ọlọ́kọ̀ gbà kò yanjú èyí. Òfin ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ ti ọdún 1945, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1950, tí ó sì wà títí di ọdún 2025, dáàbò bo ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Kò sọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n ju ìwé tí a fi ń kọjá lọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àkókò yìí ni ìlérí olùṣe ọkọ̀ súnmọ́ ilé jù lọ. Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Dọ́là kan kò tó náírà kan ní ọdún 1985. Nígbà tí ó di ọdún 1987, lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, ó ti tó bíi náírà mẹ́rin. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tọ́kunbọ̀ sì gba ipò rẹ̀. Gàráǹtì tọ́kunbọ̀ ti parí nílẹ̀ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Òfin ọjà títà, tí ó wà nínú ìwé òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1959, béèrè pé kí ọjà tí oníṣòwò tà jẹ́ èyí tí ó ṣeé tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí olùrà bá ti yẹ ọjà náà wò, àbùkù tí ó yẹ kí ó rí kò sí lọ́rùn òǹtajà mọ́. Ta ni yóò sì ra tọ́kunbọ̀ láìmú mẹkáníìkì lọ́wọ́? Ìṣọ́ra olùrà wá di ohun tí ó tú òǹtajà sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ra ìwé àfikún fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò bá ìṣòro mìíràn pàdé. Ìwé náà sábà máa ń yọ ohun tí ó gbó nítorí ìlò sílẹ̀, àti àbùkù tí ó ti wà kí wọ́n tó kọ ọ́. Èwo ni ó kù nínú tọ́kunbọ̀? Ó tún máa ń béèrè rìsíìtì gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì abẹ́ igi kì í kọ rìsíìtì. Ó mọ ọkọ̀ náà láti ìró rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí ó pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, ṣùgbọ́n inú orí rẹ̀ ni ìmọ̀ yẹn wà, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kò sì lè rí i kà.

Èsúsú ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé náà ń ṣe lérí. Awakọ̀ tí ó bá ń da owó délífà ọjọ́ kan sí i lọ́sẹ̀ yóò ní owó ọjọ́ 52 lọ́dún. Bí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́, tirẹ̀ ni owó náà. Ti ìwé àfikún kì í padà. Bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì ní oṣù kejì, ẹni tí ó kàn lè yọ̀ǹda ipò rẹ̀ fún un. Ìyọ̀ǹda yìí ni ó sọ èsúsú di ju ìfowópamọ́ lọ, nítorí ó jẹ́ kí owó ẹni tí ara tù gba ẹni tí ó wà nínú wàhálà.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà lórí ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ilé àti dúkìá jóná, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Lọ́jọ́ irú èyí, àwọn tí wọ́n ń dá èsúsú pọ̀ ni àdánù bá pa pọ̀, nítorí àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Ta ni yóò yọ̀ǹda ipò fún ta ni? Gàráǹtì, bó ti wù kí ó gùn tó, kò mọ iná ìjà sí àìsàn ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó jìnnà sí ìjà náà nìkan ni ó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, èyí tí í ṣe ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Síbẹ̀, ìwé ìnṣọ́ráǹsì tí ó bo gbogbo ọkọ̀ pàápàá sábà máa ń yọ rògbòdìyàn sílẹ̀, àfi bí oníbàárà bá san owó díẹ̀ lé e kí wọ́n fi kún un. Bí ọlọ́kọ̀ Ìlobùú tàbí Ìfọ́n bá ní owó kan tí ó fẹ́ san ṣáájú, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó sanwó sí, kí ó sì fi àtúnṣe ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún èsúsú. Ìwé ẹnìkẹta, tí owó rẹ̀ fún ọkọ̀ aládàáni gòkè láti 5,000 náírà sí 15,000 náírà ní ọdún 2023, kò kan ọkọ̀ tí ó jóná sí iwájú ilé olówó rẹ̀.