Rí I, Kò Rí I

Bí ìlà méjì bá yọ lójú ike àyẹ̀wò kòrónà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ C, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ T, pọ́sítíìfù ni wọ́n ń pè é. Ògbufọ̀ tó bá kánjú lè kọ “èsì rere”, kí olùkọ́ wá kà á sétí òbí Yorùbá kan ní Ogunu, ní Warri. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ìyá yóò fi dá ọmọ padà sí kíláàsì.

“Ó ní in” sàn díẹ̀, àmọ́ ó ti sọ ju ohun tí ike mọ̀ lọ. “Àyẹ̀wò rí i” tàbí “àyẹ̀wò kò rí i” ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Èròjà ara fáírọ́ọ̀sì ni ike ń wá nínú ikun imú. Bí èròjà náà bá kéré jù, kò ní rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni “ìpéye”. Ní Liverpool, lóṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n fi ike àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Innova yẹ àwọn ará ìlú tí kò ní àmì àìsàn wò. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò PCR, èyí tí wọ́n ń ṣe ní yàrá àyẹ̀wò, rí àrùn lára wọn, ìdá 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ike rí. Nínú àwọn tí kò ní in, ó dá ìdá 99.9 láre. Ṣé ó péye àbí kò péye? Agbára méjì ló wà níbẹ̀, orúkọ kan kò lè tó wọn: “agbára ìrí-àrùn” àti “agbára ìdáláre”. Èdè ilé ẹjọ́ wúlò níhìn-ín, torí ó ní orúkọ fún àṣìṣe méjèèjì: “ẹ̀sùn èké” fún aláìlárùn tí ike nawọ́ sí, “àjàbọ́” fún alárùn tó yọ́ kọjá.

Ká gbé e lọ sílé ìwé. Òdiwọ̀n tó kéré jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún irú ike yìí ní 2020 ni ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìrí-àrùn, ìdá 97 fún ìdáláre. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 1,000, tí 10 nínú wọn kó àrùn. Ike á rí 8. Àwọn 2 á já bọ́. Nínú 990 tó kù, á fẹ̀sùn èké kan bí 30. Nínú 38 tí wọ́n bá dá padà sílé, 8 péré ló ní in! Olùkọ́ tí kò ní ju “ìpéye” lọ lẹ́nu kò lè ṣàlàyé ìyẹn.

Ní 2021, àwọn ọmọ ilé ìwé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kán omi ọsàn sínú ike kí ìlà T lè yọ, kí wọ́n lè jókòó sílé. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn èké. Ọ̀tọ̀ ni àṣìṣe, ọ̀tọ̀ ni màgòmágó. “Èsì àyédèrú” ló yẹ ẹ́.

Ó wá ku ìgbà tí ìlà C, èyí tó ń fi hàn pé ike ń ṣiṣẹ́, bá kọ̀ tí kò yọ. “Èsì òfo” kò dára, torí ó jọ “kò rí i”. “Kò fọhùn” ló yéni: ike kò sọ nǹkan kan, bí ìlà T tilẹ̀ yọ. Kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n mú tuntun.