Akíntọ́lá-takú: Èpò Àlejò Tó Di Onílé

Ọdún 1937 ni àwọn òyìnbó kó irúgbìn igi mẹlínà wá láti Sílóònù sí agbègbè Enugu, tí èso èpò kan sì bá a wọlé, bí àlejò tí àlejò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú dání. Èso náà fúyẹ́, ó nírun lórí, bí ọyẹ́ bá sì ti ń fẹ́, a gbé e ká oko, ká ẹ̀yìnkùlé. Ní 1962, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ (Action Group) ní kí Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá fi ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó takú. Ẹni tó bá sì ti fi àdá ṣán èpò yìí lónìí, tó rí i tó ń rú láti ìdí kan náà lẹ́yìn òjò méjì, kò ní bèèrè ìdí tí a fi ń pè é ní Akíntọ́lá-takú. (Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, orúkọ olórí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ náà, kí ìjà má baà tán!)

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: kí èpò yìí tó yọ òdòdó ni àwọn ìyá wa ti ń fi ọkọ́ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tí wọ́n á gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, tí wọ́n á sá a sórí àpáta. Síbẹ̀ wọn a dá ìdí kan sí lẹ́bàá ògiri, nítorí bí àdá bá ṣánni lẹ́sẹ̀, omi ewé rẹ̀ tí a fún sójú ọgbẹ́ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.