Ọwọ́, ooru, iná, bátìrì: ìtàn nebulizer 🧵

1/ Ẹ̀yin tèmi, lóru ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ nígbà tí nebulizer ṣì wà nímú àbúrò mi. Ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári. Ọmọ ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá ìtàn ẹ̀rọ yìí.

2/ Lọ́dún 1858, Sales-Girons ní ilẹ̀ Faransé ṣe èyí tó ṣeé gbé kiri. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un, bíi páǹpù kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 1864, Siegle ará Jámánì fi ooru omi gbígbóná rọ́pò ọwọ́. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Pneumostat dé pẹ̀lú iná mànàmáná.

3/ Jet tó pọ̀ nílé wa, ọmọ ìyá Pneumostat ni. Ó ń pariwo, owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga, àmọ́ tí ò bá síná, ó parí.

4/ Mesh ńkọ́? Awo tó ní ihò wínníwínní ló ń lò. Kì í pariwo, bátìrì lè gbé e, oògùn tó ń fi ṣòfò ò tó ti jet. Àmọ́ ó wọ́n, ihò ẹ̀ sì ń dí tẹ́ ẹ ò bá fọ̀ ọ́.

5/ Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: kí ẹ̀kán oògùn kéré tó micron 1 sí 5. Tó bá tóbi jù, ọ̀fun ló ń há sí, kì í dé ẹ̀dọ̀fóró.

6/ Inhaler alágolo, tó jáde lọ́dún 1956, ò nílò iná rárá. Òun àti spacer ló kó wa yọ lóru yẹn. Kẹ́ ẹ tó béèrè èyí tó dáa jù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: tí iná bá lọ ńkọ́? Ẹ wá bi dókítà yín.