Orúkọ Ni Ó Wọ́n: Ìtàn Ọtí Híhó Ilẹ̀ Faransé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ Champagne sí ọtí olówó iyebíye tí a máa ń ṣí níbi ìgbéyàwó àti ìjẹ oyè. Ṣùgbọ́n orúkọ ilẹ̀ ni Champagne í ṣe kí ó tó di orúkọ ọtí: agbègbè kan ni, ní ìhà ìlà-oòrùn Paris, ní àyíká Reims àti Épernay. Àwọn tí wọ́n mọ èyí pàápàá a máa rò pé níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe wáìnì tí ń hó. Ó yẹ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé owó ńlá dúró lé e lórí, ilé sì ti jóná nítorí rẹ̀ rí.

Àwọn ará Limoux, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé nítòsí Carcassonne, ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní láti ọdún 1531 ni àwọn mọ́ńkì Saint-Hilaire ti ń ṣe ọtí tí ń hó. Bí a bá gba ìtàn yìí gbọ́, ó ti pé ọdún 137 kí Dom Pérignon tó dé ilé àwọn mọ́ńkì ní Hautvillers ní 1668. Dom Pérignon yìí kan náà, tí a ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn lónìí, kì í ṣe òun ni ó dá ọtí híhó sílẹ̀. Àléébù ni híhó jẹ́ nígbà náà, nítorí pé a máa fọ́ ìgò. Ní 1662 pàápàá, Christopher Merret, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé fún Royal Society ní London bí àwọn ọlọ́tí ṣe ń da ṣúgà sínú wáìnì kí ó lè máa hó.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nìyí. A ó ṣe wáìnì lásán, a ó rọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà, a ó sì dé e pa. Ìwúkàrà yóò jẹ ṣúgà náà. Afẹ́fẹ́ tí ó bá jáde kò ní rí ọ̀nà gbà, yóò sì há mọ́ inú ọtí. Ẹni tí ó ti rí ẹmu tí ń hó nínú akèrègbè mọ irú afẹ́fẹ́ náà; akèrègbè ni kì í há a mọ́. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, a ó yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò ní ọrùn ìgò. Ọ̀nà yìí kò pẹ́ tí ó fi kúrò ní Champagne: ní 1811 ni Jean-Baptiste Ackerman dá ilé ọtí rẹ̀ sílẹ̀ ní Saumur, létí odò Loire.

Bí iṣẹ́ náà ti ń tàn kálẹ̀ ni ìjà orúkọ ń le sí i. Ní 1908, ìjọba pa ààlà Champagne, wọ́n sì ti àwọn àgbẹ̀ Aube sí ìta, bẹ́ẹ̀ ni Troyes tí ó wà ní Aube ni olú-ìlú Champagne láyé àtijọ́. Ní 1911, àwọn ará Aube fárígá, nítorí pé àjàrà tí kò ní orúkọ kò ní owó. Nígbà tí ìjọba fẹ́ yí òfin náà padà, àwọn àgbẹ̀ Marne tí wọ́n wà nínú ààlà bínú. Ní oṣù kẹrin, wọ́n dáná sun ilé àwọn oníṣòwò ọtí ní Aÿ. Òfin 1927 ni ó tó gba Aube wọlé pátápátá.

Kí ni àwọn agbègbè yòókù wá ń pe ọtí tiwọn? Crémant ni. Ọ̀rọ̀ náà bá crème tan, èyí tí í ṣe ọ̀rá orí wàrà. Ní Champagne gan-an ni wọ́n ti ń pe ọtí tí híhó rẹ̀ rọra bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òfin Yúróòpù ka kíkọ "méthode champenoise" léèwọ̀ fún àwọn ará ìta, Champagne yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ crémant fún wọn. Loire àti Bourgogne ti gba orúkọ náà lábẹ́ òfin ní 1975, Alsace ní 1976, Limoux àti Bordeaux ní 1990.

Ẹ jẹ́ kí á fi wọ́n wé ara wọn. Ọwọ́ ni a fi ń ká àjàrà àwọn méjèèjì, inú ìgò ni àwọn méjèèjì ti ń hó. Oṣù 9, ó kéré tán, ni Crémant gbọ́dọ̀ lò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Champagne kò gbọ́dọ̀ jáde kí ó tó lo oṣù 15 nínú ìgò. Ilẹ̀ wọn yàtọ̀, àjàrà wọn kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà. Síbẹ̀, Crémant sábà máa ń wà ní ìdajì owó Champagne tàbí kí ó dín. Ìyàtọ̀ oṣù díẹ̀ kò tó láti jẹ ìdajì owó. Ilẹ̀ olówó gegere àti orúkọ ni ó jẹ ìyókù.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òfin Faransé gbà bẹ́ẹ̀: ilé ni ó fún ọtí lórúkọ, kì í ṣe ọgbọ́n tí a fi ṣe é. N kò rí ẹ̀bi nínú èyí, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ Marne jìyà kí orúkọ náà tó níyì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra ọtí kò gbọdọ̀ ṣi orúkọ mú fún iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ará Limoux ń ṣe iṣẹ́ náà lọ láìsí ariwo, ìgò wọn sì ń hó bí ti ẹnikẹ́ni.