Ẹ́sítéètì Àgbárá: Ìlú Tí Wọ́n Yàwòrán Rẹ̀ Kí Wọ́n Tó Kọ́lé Síbẹ̀

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a kọ ìtàn agbègbè wa sínú ìwé yìí, ìtàn Ọ̀tà Àwórì ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ń sọ ìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sọ jù wá lọ. Ti Àgbárá ni ẹnu kì í sábà bà, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà kan náà ni gbogbo wa wà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa, nítorí láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sọ àwa náà lórúkọ.

Kí ó tó dìgbà náà, àdúgbò tí wọ́n fi ètò tẹ̀dó kì í ṣe ti ẹni gbogbo. Àwọn Òyìnbó ìjọba ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún ara wọn. Ọmọọ̀dọ̀ àti alásè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú tó wọ ibẹ̀. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni Bódìjà n'Ìbàdàn ti jáde. Ìkẹjà náà jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967 tó bọ́ sọ́wọ́ Èkó. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn wá dé ní oṣù kejì ọdún 1976, ilẹ̀ ló ní, kò ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀.

Agbẹjọ́rò àti oníṣòwò ni Olóyè Adéyẹmí Lawson. Ó rí i pé ilé-iṣẹ́ ń wá ààyè nítòsí èbúté, Èkó sì ti ń há. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kọjá lẹ́bàá igbó Àgbárá. Kò dúró de owó ìjọba; ilé-iṣẹ́ aládàáni ló fi ṣe é. Wọ́n yàwòrán ilẹ̀ náà: ibi báyìí ni ti ilé-iṣẹ́, ibi báyìí ni ti ibùgbé, ọ̀nà yóò gba ibí, omi yóò gba ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó pè ẹni tó fẹ́ rà. Beecham dé, Nestlé dé, Unilever náà dé. Mílò tí a mu lọ sí ilé-ìwé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ibẹ̀ ló ti wá.

Àwọn kan nínú wa ní ọ̀rẹ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ kí i, a rò pé a ti kúrò ní Nàìjíríà: títì ọ̀dà tó fẹ̀, igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọgbà ńlá ńlá, kò sí ẹni tó ń pariwo. A padà sí Sángo nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún. (Ìyá ọ̀kan nínú wa nà án nítorí bàtà rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n a kò ní í yìn ín kọjá ibi tó yẹ. Àwòrán náà parí síbi ògiri. Wọ́n pèsè ilé fún ọ̀gá, ẹni tó ń di páálí lórí ẹ̀rọ kò rí tirẹ̀. Lùsàdà, Ìgbẹsà, Àtàn, títí dé Sángo ni àwọn yẹn ń sùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò yàwòrán fún. Ọ̀nà Àtàn sí Lùsàdà sí Àgbárá bàjẹ́ débi pé ẹni tó fẹ́ lọ nígbà òjò á kọ́kọ́ bi aládùúgbò léèrè. Ìgbà ìjọba Ọmọọba Dàpọ̀ Abíọ́dún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe.

Ohun kejì tó ń kọ wá lóminú ni pé ilé ọ̀gá nílò ilé-iṣẹ́ tí ọ̀gá náà yóò máa lọ. Procter & Gamble ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá sí Àgbárá ní 2017, wọ́n tì í ní 2018. GlaxoSmithKline, tó jogún Beecham, kéde ní 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí a ń rí nídìí iṣẹ́ báńkì. Ẹni tó ní púlọ́ọ̀tì pẹ̀lú ìwé ìwọnlẹ̀ àti C of O lè fi yá owó kọ́lé, kí ó fi ṣòwò. Ẹni tó mú rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ wá, kódà kí ilé rẹ̀ jẹ́ alájà méjì, a ó kí i, a ó fún un lómi mu, a ó sì ní kó máa lọ. Ilé kan náà, sìmẹ́ńtì kan náà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ìwé ìjọba ni báńkì ń wò.

Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ Àgbárá wá síbí. Ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa dáwó rà lọ́nà Ìyẹsí, àwọn kan ti ń béèrè ìgbà tí a ó pín in, wọ́n fẹ́ kó búlọ́ọ̀kù dé. Awọnlẹ̀ kò tíì tẹ ẹsẹ̀ ibẹ̀. A kò mọ ibi tí gọ́tà yóò gbà, a kò yọ ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè wọ̀. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ti sọ ọ́. Kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà ìwé ìdáwó rẹ̀ dání.