Táyà, Ẹrú Ọ̀nà

Láti ọdún 1888, tí John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko ní Belfast, ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ni táyà ti ń jẹ ìyà ọ̀nà fún ọmọ aráyé. Ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ baba yìí rọ táyà ní Ìkẹjà láti bí ọdún 1963 títí ẹ̀rọ ibẹ̀ fi dákẹ́ ní 2008. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ni tòkunbọ̀ bá gbòde, táyà tí ọ̀nà òkè òkun ti jẹ eyín rẹ̀ kù díẹ̀, tí fọganáísà, a-dá-ẹ̀mí-padà-sínú-rọ́bà, á ri tíúbù rẹ̀ sínú ọpọ́n omi, tí á máa wo ibi tí omi ti ń hó. Ẹ yẹ nọ́ńbà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ táyà náà wò kí ẹ tó sanwó: méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é.