Ẹrù Tá A Dì Lé Kọ̀ǹpútà Lórí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé láptọ́ọ̀pù yín ti darúgbó, ẹ dúró ná. Ní 1995, mẹ́mọ́rì MB 4 ti tó Windows 95 láti ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 2021, Windows 11 ò gba ohun tó bá dín ní GB 4: ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún!

Ní 1995 yẹn náà ni Niklaus Wirth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Switzerland, ti kìlọ̀ pé bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí i tó, sọ́fítíwià ń lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tá à ń kọ ọ́ gbọ́, a kọtí ikún. Mẹ́mọ́rì ń dínwó, àwa ń di ẹrù kún un. Bó bá kún, ẹ̀rọ á máa kó ẹrù lọ sórí dísìkì tó lọ́ra jù ú lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń falẹ̀.

Kì í ṣe ogbó nìkan ló ń ṣe láptọ́ọ̀pù yín. Àwa la dẹ́rù pa á.